Ojú Pupa Àbúrò Rẹ Nínú Fọ́tò

Ọmọbìnrin mi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run tó dá ojú kò ní jẹ́ kí tìrẹ dùn ọ́, ẹsẹ̀ tó o fi ń sáré yí pápá ká láti ya àwọn elérè ní fọ́tò kò sì ní kọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, a dúpẹ́.

Àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, o dá wàhálà sílẹ̀. Fọ́tò àbúrò rẹ tó o yà níbi bọ́ọ̀lù alẹ́, níbi tó ti ń ṣe gólíkípà, ti dé ọwọ́ wa. Eyín funfun, jẹ́sì funfun, ojú wá pọ́n bí ẹ̀yín iná! Ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó ní ọmọ òun ti di ọ̀mùtí. Kó tó nu ojú tán, télọ̀ tó fẹ́ fún àbúrò rẹ lọ́mọ fẹ́ ti wọlé, ó sì rí i. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí. Àbúrò rẹ sunkún lórí fóònù bí ọmọ ọwọ́.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lo tó ṣàlàyé pé nínú òkùnkùn, ẹyinjú máa ń là gbàgà, iná kámẹ́rà á wọ̀ ọ́ tààrà, á kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú, á sì gbé pupa rẹ̀ jáde. Pé kéèyàn gbé iná náà jìnnà sí kámẹ́rà, kí ẹni tí wọ́n ń yà má sì tẹjú mọ́ ọn. Ó yé mi yékéyéké. Kíá ni mo pe àbúrò rẹ, mo ní bó bá tún ti rí kámẹ́rà, kó yíjú. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ayàwòrán dúró sí ni bọ́ọ̀lù ti wá, ó yíjú, góólù méjì wọlé. Wọ́n ní kóòṣì bú u. Kí ni kóòṣì mọ̀ nípa fọ́tò?

Èmi náà lọ sí báńkì, wọ́n fẹ́ yà mí ní fọ́tò, mo gbójú sókè àjà. Akọ̀wé ní kí n wo iwájú, mo ní rárá o, iṣẹ́ ọmọ mi nìyí. Ó yà mí lẹ́ẹ̀mẹfà. Wọ́n ní tí mo bá ń padà bọ̀, kí n mú ẹni tó mọ̀ mí dání.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí ló wá ń dùn mí wọra. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, mo pè é, ó gbójú sókè, mo tẹ fóònù tó o rà fún mi, iná kọ mànà! Ọmọ mi, ojú télọ̀ pọ́n ju ti àbúrò rẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wo fọ́tò náà títí, ó ní, ṣé ohun tí òun ń sùn tì láti ọjọ́ yìí wá nìyí.

Télọ̀ ti gbà báyìí, ó ní ká wá mú ọjọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń bẹ̀ wá, pé ká má jẹ́ kí bàbá ìyàwó òun rí fọ́tò yẹn, torí bàbá náà ṣì wà láyé, ó sì lè wá gba ọmọ rẹ̀ padà. Mo ní kò séwu, àna ni wá.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tẹ fọ́tò télọ̀ náà, kó tóbi dáadáa, kí n sì ra férémù sí i. A ò ní fi han ẹnikẹ́ni. A kàn máa gbé e kọ́ pálọ̀ títí wọ́n á fi fa ìyàwó lé wa lọ́wọ́ ni.

Bí Ọlọ́run ṣe ń ti ọwọ́ rẹ fún àbúrò rẹ níyàwó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti ọwọ́ ẹlòmíràn gbé ọkọ tìrẹ náà wá, lójúmọmọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.