Mo Kọ́ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Ìṣe Ìyá Àgbà, Bàbá Mi Sì Gbà Pé Ìyá Àwọn Ló Dé

Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé. Mo ti tan bàbá mi jẹ. Níbẹ̀rẹ̀ mi ò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo mọ̀ọ́mọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pè é ní àṣìṣe. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ni mo ṣì ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Jọ́ọ̀s. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ikọ́ efée, ọyẹ́ Jọ́ọ̀s sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá, ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé e wá fún wa pé kó lo ìgbà ọyẹ́ ní Ìbàdàn. Àdéhùn wa ni pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun á wá mú un. Àmọ́ ọyẹ́ ọdún yìí ò ṣàánú Ìbàdàn náà, eruku ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn, dókítà sì ní ọmọ náà ò gbọdọ̀ jáde. Ìyá mi ń lọ sọ́jà ní Gbági láti àárọ̀, èmi tí mi ò níṣẹ́ ni mo di olùtọ́jú ọmọ. Ẹ wò ó, ẹni tí kò bá tíì ti ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́lé rí kò tíì rí wàhálà. Fèrèsé wà ní títì, mo ta aṣọ tútù sí i, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójúde... Mo fi kátúùnù hàn án lórí fóònù títí bátìrì fi kú, iná ò sì sí. Mo pàlọ́, mo yàwòrán, mo ká aṣọ yẹn kúrò díẹ̀, a ka òpó gbọ̀ngàn Mápó láti ojú gíláàsì fèrèsé títí kùrukùru fi bò ó mọ́ wa lójú. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo eré ti tán lọ́wọ́ mi.

Ìgbà náà ni mo ṣí àpótí Ìyá Àgbà. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Wọ́n kú ní nǹkan bí oṣù mélòó kan kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pe ọmọ náà ní Ìyábọ̀. Ìyá Àgbà ló tọ́ mi dàgbà. Ìkòkò ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, wọn kì í sì í ta ohunkóhun, wọn kì í mu omi nínú ohunkóhun, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi eegun ìka kàn án kó kó, kí wọ́n gbọ́ bóyá ó ti sán níbì kan. Mo wé gèlè wọn fún ọmọ náà, mo to ife àti abọ́ síwájú rẹ̀, ó di ìyá oníkòkò, mo di oníbàárà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ojoojúmọ́ ló ń ní, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe Ìyá Àgbà. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nájà, bí wọ́n ṣe ń kérora tí wọ́n bá ń dìde lórí ẹní. Mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká ní Àkànjí ni oríkì bàbá mi, mi ò ní kọ èyí tó jẹ́ tiwọn gan-an síbí. Kò sí ẹni tó tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa mọ́. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi jókòó sí pálọ̀, tíì wọn ti tutù níwájú wọn, nítorí láti ìgbà ikú yẹn oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé lẹ́nu wọn, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sí mọ́sálásí mọ́. Ọmọ yìí jáde sí wọn, ó fi ìka kan ife náà, ó gbé etí lé e. Ó wá ní, “Àkànjí, o ò tíì jẹun.”

Ó lo “o” fún bàbá mi. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀bà wọn tán lọ́jọ́ náà, wọ́n tún bu sí i. Nígbà tí ìyá mi ti ọjà dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní, “Ìyá ọkọ mi tó ti lọ sinmi tún dé, ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ ìkúnlẹ̀ lákọ̀tun ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀...

Mùsùlùmí ni bàbá mi, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kú kì í padà wá sílé ayé, àwọn fúnra wọn ló sọ nígbà ìsọmọlórúkọ pé orúkọ lásán ni Ìyábọ̀. Mo wá ń rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà ní ìbéèrè nírọ̀lẹ́, ọmọ náà á wo ojú mi, bí kò bá sì dáhùn, ojú bàbá mi á rẹ̀wẹ̀sì. Ni mo bá ń kọ́ ọ ní ìdáhùn lọ́sàn-án. Èyí tí èmi náà ò bá mọ̀, mo ní kó sọ pé, ó ti pẹ́, mo ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ìyá Àgbà máa ń wí. Ṣé ẹ rí i pé mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe?

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ wàyí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Sátidé lòun ń bọ̀. Bàbá mi ní ọmọ ò lọ síbì kankan, wọ́n ti ṣí yàrá Ìyá Àgbà, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, wọ́n ní àwọn ò lè sin ìyá àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń bínú. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lórí fóònù, ó wá bi mí léèrè bóyá Ìyá Àgbà ló dé lóòótọ́... ó ní èmi kì í gba ohun tí mi ò bá rí ẹ̀rí rẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sọ pé mo rí, òun á gbà á, kódà bó jẹ́ pé òun máa fi ọmọ òun sílẹ̀. Mo ní mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn, irọ́ sì ni. Ọmọ náà gba fóònù, ó ní, Mọ́mì, ṣé ọyẹ́ ò tíì tán ni?

Bí mo bá jẹ́wọ́, mo mọ ayọ̀ tí màá gbà lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí padà, wọ́n ti ń jẹun. Bí mo bá dákẹ́, mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kí n sọ fún, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ, kí bàbá wa máa gbàgbọ́ nìṣó? Ṣé ìyẹn náà kọ́ ni ìtànjẹ kan náà?

Lánàá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, wọ́n ní, “Ìyá mi, ẹ ò tún ní fi mí sílẹ̀ lọ mọ́, àbí?”

Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ń dúró kí n sọ ohun tí òun máa wí, bí a ṣe máa ń ṣe é. Mo wolẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á tún bi í kó tó di Sátidé, ó sì máa tún wo ojú mi... kí ni kí n ní kó sọ?