Àmì Ìdánudúró Tí Bàbá Fi Ránṣẹ́ Láti Ilé

Asọ̀rọ̀másinmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé o sùn, ṣé o jẹun, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé ibùsùn rẹ kò tíì wó? Àlàáfíà ni ìwé mi yóò bá ọ, kò ní bá ọ lórí àìsàn, kò ní bá ọ níbi tí wọ́n ti ń pariwo lé ọ lórí. Bí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá nǹkan jókòó lé, nítorí ìwé yìí gùn díẹ̀.

Ní ti ilé, gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, ó bí méjì, ojú ọ̀kan jọ ti bàbá àgbà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Bàtà tí o fi rán awakọ̀ sí ìyá rẹ dé, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu, kò bọ́ ọ mọ́ nínú ilé, àfi tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ló máa ń gbé e dání kó má baà jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni bébà tí o fi wé bàtà náà. Mo tú u, mo nà án, mo rí orúkọ rẹ lókè, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, mo sì rí i pé olùkọ́ rẹ ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí gbogbo ara rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí kan àárín ọ̀rọ̀. Mo ní, ẹ wo ìfẹ́. Nígbà tèmi wà nílé ìwé, ẹyọ àmì kan ṣoṣo ni olùkọ́ mi máa ń kọ sí ìwé mi, ó sì dà bí igi méjì tó ṣubú lura wọn. Mo kan férémù sí bébà rẹ, mo gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹni tó wá gbé àga ló ń wò ó. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní ọmọ òun kàwé tán, ẹnikẹ́ni ò fi pupa kan ìwé rẹ̀ tó báyẹn rí. Mo ní kó má bínú, orí ló yàtọ̀ síra.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà dé, ẹni tó kọ́ ọ ní a, b, d, ó wá gbé àga rẹ̀ tí mo tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ó wo ara ògiri, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó bi mí pé ta ló gbé e kọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n jókòó lórí àga òun, mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ó yọ bébà náà kúrò nínú férémù, ó wá ń ka pupa náà fún mi. Níbí, kò sí àmì ìdánudúró. Níbí, kọ́mà kò sí. Níbí, lẹ́tà ńlá ló yẹ kó wà. Níbí, ọ̀rọ̀ kan wọ ilé ọ̀rọ̀ kejì láìkanlẹ̀kùn. Níbí, èèyàn púpọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, olùkọ́ ní bí o kò bá tún un kọ kó dára, o kò ní bá wọn jókòó ṣe ìdánwò. Ìyá rẹ wá rántí pé o sọ fún òun lórí fóònù pé o fẹ́ wá sílé wá sinmi. Ó ti fọ ẹní rẹ sílẹ̀. Ìgbà yẹn la tó mọ irú ìsinmi tí o ń wí.

Inú bí mi, kì í ṣe sí ọ, sí ara mi ni. A rán ọmọ lọ sí ìlú ńlá, a di ẹ̀wà fún un, a di ọṣẹ, a di aṣọ ìbora, kò sí ẹni tó rántí di àmì ìdánudúró. Tíṣà ní kì í ṣe ìwọ nìkan, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni àmì kò tó lọ́wọ́ wọn. Ọ̀wọ́n ti dé bá a nìyẹn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbówó lé nǹkan lọ́dọ̀ yín.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi fóònù fi í ránṣẹ́. Mo tẹ àmì náà títí ojú fóònù fi kún, mo ní kó máa lọ. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù ní owó mi kò tó. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe owó ni mo ń fi ránṣẹ́, kò gbọ́, ohun kan náà ló ń wí ṣáá, òun náà kò sì ní àmì ìdánudúró.

Mo bá jókòó, mo fi bírò ṣe é fúnra mi. Òun ló wà lórí bébà kejì tó wà nínú àpòòwé yìí, ojú méjèèjì ló kún. Àwọn tó tóbi wà fún ìparí, àwọn kéékèèké wà fún àárín. Kọ́mà wà lápá ibi tirẹ̀, mo wò wọ́n dáadáa, àmì ìdánudúró tí kò tíì dàgbà ni wọ́n, bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, bí o bá tọ́jú wọn, ìrù á já. Má yá ọmọ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní ọ̀kankan, àfi tó bá bẹ̀ ọ́. Mi ò sọ pé òun ló jí tìrẹ o. Lẹ́tà ńlá ni bírò mi kò lè ṣe kó tóbi tó, nítorí náà ara pákó ni mo ti gé e, awakọ̀ ń gbé e bọ̀ nínú àpò. Kò sí èyí tó kéré sí apá mi. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò tún sọ pé kò tóbi.

Ìyá rẹ tó jókòó tì mí ní kí n dúró níbẹ̀, ó ní ọmọ ń wá àmì ìdánudúró kiri, èmi ń fọ́n ọn ká sínú ìwé bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ, òótọ́ ló sọ, nítorí náà láti ibí lọ mi ò ní ná ẹyọ kan mọ́, àwọn ọmọ kékeré onírù yìí ni màá máa lò, fara dà á,

Tíṣà tún sọ ohun kan kó tó gbé àga rẹ̀ lọ, ó ní kí o máa ka ohun tí o bá kọ sókè ketekete, ibi tí èémí rẹ bá ti dúró ni kí o fi àmì sí, mo dán an wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fa ayùn láti kékeré ni mí, mo ka odindi bébà rẹ láìmí, ìyá rẹ ló gbá mi lẹ́yìn kí n tó lè sọ̀rọ̀ padà, bóyá ohun tó ṣe ìwọ náà nìyẹn, àtikékeré lo ti ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ìdí tí a fi ń pè ọ́ bí a ṣe ń pè ọ́ nìyẹn, ìyá rẹ ní ara mi lo ti mú un, mi ò jiyàn, nítorí náà sáré yí ilé yín ká kí o tó jókòó kà á, èémí á kúrú, àmì á pọ̀,

má bínú sí olùkọ́ rẹ, Tíṣà ní ẹni tí kò bá ka ọmọ sí kò ní fi bírò tó pọ̀ tó báyẹn ṣòfò lórí rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe dá bébà rẹ padà sínú férémù, ó ti wà lára ògiri, télọ̀ ṣì ń wò ó, mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo kan àpótí bírò kékeré kan fún olùkọ́ náà, kì í ṣe rìbá, sọ fún un pé bàbá rẹ ní ó kú iṣẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí pupa náà tán,

ní ti wíwá sílé, ẹní rẹ ti gbẹ, a kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, ṣùgbọ́n kọ bébà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ná, kí o jókòó ṣe ìdánwò náà, bí o bá yege, ọmọ wa ni ọ́, bí o bá fìdí rẹmi, ọmọ wa náà ni ọ́, èyí tí mi ò fẹ́ ni kí o dúró sí àárín ọ̀rọ̀,

bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó bírò ránṣẹ́, tèmi gbẹ sórí àmì rẹ, ìyá rẹ ní kí n fi owó pọ́líìṣì bàtà kún un, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ibi tí o bá fẹ́ dúró ni wàá dúró, ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ dúró níbi tó yẹ kí o kọjá, ohun tí o bẹ̀rẹ̀, wàá parí rẹ̀, èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu bírò mi, ìyá rẹ ní kí n fi kún tìrẹ, mo ní rárá, bí mi ò bá fi í síbí, o lè máa dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ mi, kí o má sì bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, òun nìyí.