Alhaja Rùqáyyàh Àtọ́kẹ́ Àjàgbé (1924–1999): Ìyá Tí Kò Ka Ọmọ Rẹ̀ Fún Oní-físà

Nínú gbogbo ẹbí tó jókòó síbí lónìí, èmi Roqeeb, ọmọ ọmọ wọn, nìkan ni mo fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe fi físà du Alhaja. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ní kí n kọ ìtàn yìí, yàtọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó mi ní gbogbo Ìlódè.

Ọdún 1924 ni wọ́n bí Alhaja ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Bàbá wọn, Lágúnjú, aránṣọ, wá láti Ẹdẹ. Ọmọ Ìlódè pọ́ńbélé ni ìyá wọn. Ilé kéú ni Alhaja lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà débi pé ààfáà ló máa ń wá bi wọ́n léèrè.

Ní 1943, wọ́n fẹ́ bàbá wa àgbà, olóògbé Àjàgbé, tó ní oko kòkó ní Ẹdúnàbọ̀n. Eèpo kòkó bàbá ni Alhaja ń sun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bí ẹ bá fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ ní Ìlódè, á hó dé Ẹnuwà. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kì í rà á, ọ̀fẹ́ ni, Alhaja fúnra wọn ni wọ́n á sì wá wẹ ọmọ náà. Wọ́n ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ èmi ló fọ́ gíláàsì mọ́ṣáláṣí. Mẹ́kà, 1984 ni wọ́n lọ. Ìyá Àdínì sì ni wọ́n títí wọ́n fi lọ.

Ní 1992, àbígbẹ̀yìn wọn, Àǹtí Sùmáyà, bí Ìmísí sí ìlú òyìnbó. Ohun kan ṣoṣo tí Alhaja ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí wọ́n fọwọ́ ara wọn wẹ ọmọ yẹn. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ẹ́ńbásì l'Ékòó láti ṣe ògbufọ̀. Ìlà tá a tò sí gùn débi pé ìdí ẹ̀ kù díẹ̀ kó kan Ìbàdàn.

Òyìnbó ẹ̀yìn gíláàsì béèrè pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Alhaja wò mí.

"Roqeeb, ṣé o ti sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ?"

"Mo ti sọ, Màmá. Ó ní iye lòun ń fẹ́."

"Sọ fún un pé Ọlọ́run fún mi lọ́mọ, mo sì dúpẹ́."

Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, Alhaja dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́, ó lu òǹtẹ̀ "rárá" mọ́ ìwé wọn. Mo mọ iye yẹn o. Mo lè dá a sọ. Ojú Màmá ni mo wò, ẹnu mi tí kì í sinmi sì wọlẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tá a ń bọ̀, wọ́n ní, "Mo lọ Mẹ́kà, mo bọ̀. Ṣé ilẹ̀ tiwọn mọ́ ju Mẹ́kà lọ ni?"

Nígbà tó di 1997, Àǹtí Sùmáyà fẹ́ mú Ìmísí wálé. Ìwé ìrìnnà òyìnbó ni ọmọ náà ní, ni ìjọba tiwa náà bá ní àfi kó gba físà, kí ẹnì kan láti ilé sì kọ̀wé pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí àwọn yẹn ṣe ń ṣe sí wa làwa náà ń ṣe sí wọn.

Inú bàbá mi, Alhaji Aminullah, dùn. "Ó tọ́ sí wọn! Ojú tiwọn náà á rí i!"

"Ojú ta ni, Aminullah?" ni Alhaja wí. "Ojú ọmọ Sùmáyà mà ni. Ìjọba méjì ń na ara wọn, ẹ̀yìn wa ni pàṣán ń bà."

Wọ́n ní kí n mú bírò. "Kọ ọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Orí ẹní mi ló máa sùn. Kí wọ́n má bi mí ìgbà tó máa lọ, ilé ẹ̀ ló ń bọ̀." Mo fi òyìnbó tó le kọ ọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n fi lẹ́tà náà kọ́ ògiri ẹ́ńbásì wa lọ́hùn-ún.

Ìmísí dé, ọmọ ọdún márùn-ún! Alhaja jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ẹ lé e bí ìkókó. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn kọjá tiwọn, ó ń wọ́lẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kankan sùn lọ síbẹ̀. Àǹtí Sùmáyà ló ń sunkún.

"Dákẹ́," ni Alhaja wí. "Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n rí i náà ni mo wẹ̀ ẹ́."

Alhaja jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1999. Wọ́n fi Alhaji Aminullah, Olúwatóyìn, Láoyè, Mojíre àti Sùmáyà sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ àti àtọmọdọ́mọ. Àǹtí Sùmáyà wà láàárín wa. Ìmísí ò sí níbí. Físà ẹ̀ ò tíì jáde.

Ẹ sùn re o, Màmá. Kí Ọlọ́run fi yín sí Àlùjáńnà, kí ilẹ̀ dẹ̀ yín lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa pé, bó bá wù yín, ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ mi yòókù nù. Ṣùgbọ́n ti ìwẹ̀ yẹn, èmi ni mo ń bu omi. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́.