Rẹ́ǹtì Yàrá Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Kẹrosíìnì 400. Ọṣẹ 150. Oògùn ojú Ìyá 900. Ó kù 2,310. Owó pósí Ìyá wà lọ́tọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.
Ìpàdé ìjọ nírọ̀lẹ́, èmi akápò ni mo kọ ìnáwó sílẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa máa pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fẹ́ gbé òkúta sára ògiri, kí wọ́n fín orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ sí i. Orúkọ kan, 5,000. Mi ò mọ̀ pé olùdásílẹ̀ ń tà lọ́jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Tíṣà-àgbà tó ti fẹ̀yìn tì — Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ni mò ń pè é níhìn-ín — ló kọ ìtàn ìjọ. Ojú ìwé méjìlá. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti bàbá-bàbá rẹ̀, "olùdásílẹ̀". Mo kà á fún Ìyá, torí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́.
Ó ní, "Ìyẹn? Ọdún karùn-ún ló dé. A ti kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì tán. Òjò ló lé e wọlé."
Yàrá ẹ̀yìn ìyá tó bí Ìyá, opó aránṣọ, ni kíláàsì àkọ́kọ́ ìjọ ti ń pàdé fún odidi ọdún mẹ́rin. Àwọn méje, lórí àpótí aṣọ. Ìyá ló ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, ọmọdé ni nígbà náà. Nínú ìtàn Ọ̀rọ̀-Ò-Tán: "ilé kan". Ilé kan!

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ bá a. Kò tilẹ̀ jiyàn. "A mọ màmá àgbà yín, Akápò. Ta ló máa san owó tiwọn?" Ó ń nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni pé ìbéèrè mi ló dọ̀tí sí i.

Àbámẹ́ta, 8
Ìyá ní kí n fi owó pósí òun san án. "Ẹ fi ẹní wé mi." Mo ní ó tì. 

Àìkú, 9
Ìwàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀. Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ló ṣe é. Ó gùn.

Ọjọ́rú, 12
Ìpàdé. Mo gbé ìwé gbèsè kalẹ̀: rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ 208, àádọ́ta péré lọ́sẹ̀ — 10,400.
Ọ̀rọ̀-Ò-Tán bú sẹ́rìn-ín. "Akápò, ṣé ẹ fẹ́ gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"
Mo ní Ọlọ́run kọ́, ẹ̀yin ni.
Ẹ̀rín tán. Àlùfáà wa, tí kì í fẹ́ wàhálà, ní àwọn á fín orúkọ màmá àgbà mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sáà gbàgbé rẹ́ǹtì. Mo délé, mo rò ó fún Ìyá.
"Gba orúkọ náà. Má gbàgbé nǹkan kan."

Àìkú, 23
Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta. Bàbá-bàbá Ọ̀rọ̀-Ò-Tán wà lókè, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà wúrà. Màmá àgbà mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka wá a. Ó rí i. "Àwọn nìyí." Wọ́n ní kó wá jókòó, orin ti bẹ̀rẹ̀.  Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ títí orin fi parí.

Gbèsè ìjọ: 10,400. Wọ́n san orúkọ kan: 5,000.
Ó kù 5,400. Wọn ò tíì san.