Ẹkún Tí Màmá Kò Sun

Khàlíl àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ ní Páríìsì. Ara wa le ní Lagos Town, àdúgbò wa níbí. Orúnkún Bàbá Kékeré ti ń fúyẹ́. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, ìwé ìtàn tí Màmá fúnra wọn fi Faransé kọ ni mo ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì.

O ní kí n jẹ́ kí opó inú rẹ̀ sunkún dípò kó fèsì nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ ṣú u lópó, kí ojú má baà ti Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa tó fẹ́ ṣú Màmá lópó. Mi ò jẹ́! Ohun tí Màmá kọ sí opó náà lẹ́nu ni pé: "Lọ wá ìyàwó níbòmíràn. Èmi kì í ṣe ẹrù òkú."

Fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́ fún ẹ̀yìn ìwé. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹkún tí Màmá kò sun, mi ò ní bá wọn sun ún ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Muslimat