Àmù Tí Kò Làágùn ní Èkó

                                        Agbo Ilé Aránfìlà,
                                        Gàmbàrí,
                                        Ìlọrin.
                                        Oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1914.

Yàhàyá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí a jọ lo wàláà kan ní ilé kéú,

Àsàlámù àléékù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi í sílẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ìdí ló ṣì ń wọ́ bí ìwọ náà ṣe ṣe títí ìyá rẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún? O kú ooru Èkó, o kú òógùn. Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. N kò ní fi pamọ́ fún ọ, torí pé ìwọ gan-an wà lára ohun tó bà á jẹ́.

Kí ló ṣe ọ́ tí o fi fi ọ̀rọ̀ àwọn àmù yẹn rán ọkùnrin tó ń da èédú sínú ẹ́ńjìnnì rélùwéè? O kúkú mọ ìwé kọ. Ká ní o kọ ọ́ sí mi ni, ǹ bá rọra kà á, ǹ bá sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn tó ni àmù. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi. Ilé Bàbá Àbdùlsàlámì ló gbà lọ tààrà, ó bá èmi àti Bẹ̀llò níbẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé Yàhàyá ní kí òun sọ pé àmù Ìlọrin kì í mú omi tutù ní Èkó, pé àwọn tó rà á ti ń dá a padà.

O mọ Ràúdátù, ọmọ Bàbá Àbdùlsàlámì, tí ìyá rẹ̀ ń mọ àmù. Láti ìgbà tí mo ti ti ọ̀dọ̀ rẹ ní Èkó dé ni mo ti ń fẹ́ ẹ. Bẹ̀llò, ọmọ oníṣòwò obì tó ń lọ Kánò tó ń bọ̀, òun náà ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, àwa méjèèjì a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá náà, èmi á máa ròyìn ooru Èkó, òun á máa ròyìn ooru Kánò. Ó ní ooru Kánò gbẹ bí egungun. Ètè á là, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ á ti gbẹ kí ènìyàn tó sá a tán. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti bọ́ sábẹ́ igi báyìí, ara á tù ú, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, aṣọ ìbora ni yóò máa wá kiri.

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ooru. Mo ní ooru Èkó kò mọ abẹ́ igi, ó ń bá ènìyàn wọ yàrá, ó ń bá a sùn ni. Òógùn á bo ènìyàn, kò sì ní gbẹ. Iyọ̀ á di omi nínú igbá. Fìlà tí mo bá rán á ti bu kí n tó rí i tà, aṣọ tí a fọ̀ ní Jímọ̀ á sì tún máa tutù di Jímọ̀ kejì. Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n Ràúdátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ wa.

Nígbà tó yá, bàbá ní ìlú tí ooru bá ti mú jù ni wọ́n á ti ra àmù jù, pé ẹni tó bá bá òun rí ọjà fún àmù ìyá Ràúdátù ni òun máa so yìgì Ràúdátù fún. Mo jà fún Èkó títí ohùn mi fi há. Ọ̀rọ̀ mi borí, a di àmù sínú koríko, a kó o sínú rélùwéè sí ọ. Èmi rò pé mo ti da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló kù tí mo máa tẹ̀.

Nígbà tí eléèédú wá jíṣẹ́ rẹ, ọ̀rọ̀ náà yà gbogbo wa lẹ́nu. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ará Èkó ni kò mọ àmù lò. Ibẹ̀ ni Ràúdátù ti sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Mùkáílà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní aṣọ kì í gbẹ ní Èkó? Omi tí ò rọ́nà kúrò lára aṣọ, ibo ló máa gbà kúrò lára àmù? Àmù tí ò bá sì làágùn, omi inú rẹ̀ ò lè tutù."

Bàbá wò mí. Ó ní, "Wàlláhì, ìwọ lo sọ ọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ̀llò bú sẹ́rìn-ín. Ràúdátù náà rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì bọ́ sí àsìkò kan náà, ìyẹn ló sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ àmù lọ. Ìyá mi ní kàdàrá ni. Mo ní kàdàrá kì í rẹ́rìn-ín.

Bẹ̀llò kó àwọn àmù tó kù nílé lọ sí Kánò. Ó dé, ó ní àmù ń làágùn lọ́hùn-ún bí ẹni tó ń kọ ebè, pé wọ́n ti rà á tán, wọ́n sì ń béèrè sí i. Bàbá bá fi Ràúdátù fún un. Rándá ló ń pè é báyìí, bí àwọn ará Kánò ṣe ń pè é, bíi pé ìyá ìyá mi kò ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Gàmbàrí níbí kí wọ́n tó bí bàbá Bẹ̀llò. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, Ràúdátù kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi, ó ní, "Ẹ gba omi rándá." Ọ̀rọ̀ Bẹ̀llò ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Omi náà tutù débi tó fi ń ta mí léyín, inú mi sì ń gbóná bí mo ṣe ń mu ún.

Owú ń jẹ mí, Yàhàyá. Mò ń jowú Bẹ̀llò, mò ń jowú obì tó ń jẹ. Mo tilẹ̀ ń jowú oòrùn Kánò tí yóò máa rí Ràúdátù lójoojúmọ́. Èmi kan náà ló sì wá gbé fìlà yìgì fún pé kí n bá òun rán, torí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rán tó mi. Ìbínú ni mo fi ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń lẹ́wà sí i.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ọmọ. Kí gbogbo àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn àmù tí wọ́n dá padà, má fọ́ wọn o. Kó àgbàdo sínú wọn.

Tún ibi tí n óò tẹ́ ẹní sí ṣe dè mí. Lẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n máa so yìgì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi fìlà lé Bẹ̀llò lọ́wọ́, rélùwéè ni mo máa wọ̀. Òjò kò tíì rọ̀ níbí, gbogbo nǹkan ló gbẹ, ojú gbogbo ènìyàn gbẹ. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yìgì, gbogbo Gàmbàrí ni yóò rí i. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kò sí ojú tí kì í tutù. Bẹ́nikẹ́ni bá bi ọ́ ohun tó ṣe mí, sọ fún un pé ooru ni.

                                        Èmi ni tìrẹ nínú oòrùn Ìlọrin,
                                        Mùkáílà Aránfìlà.