Àwo Tí A Fi Imú Wò

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ọjọ́ karùn-ún pé. Òfin yàrá àyẹ̀wò wa: àwo tí a fi ń wo bóyá kòkòrò àìsàn á hù, tí nǹkan kan kò bá hù lórí rẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún, ká dà á nù. Omi inú orúnkún Màmá Onírin ló wà lórí eléyìí. Ọdún mẹ́fà ni orúnkún onírin tí wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀ fi gbé e rìn kó tó wú. Bí a bá ní a ò rí nǹkan, wọn á yọ irin náà láìmọ ohun tó ń bá a jà. Mo dá àwo padà sínú àpótí tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò sọ fún Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò wa.

Ọjọ́rú, 6
Ó hù. Wẹ́wẹ́, bí ẹnu abẹ́rẹ́, ó ń dán. Ọ̀gá ní ìdọ̀tí ọwọ́ mi ni. Ó ṣí ìdérí, ó gbé àwo sábẹ́ imú — bó ṣe ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pè é ní Baba Onímú. Ó ní kò rùn. Ó nà án sí mi.
Mo ti kà á nínú ìwé, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbóòórùn àwo. Mo gbóòórùn rẹ̀. Kí wá ni ìwé kíkà wà fún?

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo lọ bá Màmá ní wọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà ti bi í bóyá ẹranko bù ú jẹ, ó ní rárá. Èmi bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń sin ewúrẹ́. Mẹ́ta bí òkú ọmọ lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ lásán ló sì fi gbẹ̀bí wọn.
“Ṣé ewúrẹ́ ló wá wọnú irin mi, ọmọ mi?”
Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 8
Ẹ̀rọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Bùrùsẹ́là, kòkòrò àìsàn tó ń ti ara ẹran ọ̀sìn ran ènìyàn. Ó ṣọ̀wọ́n nínú orúnkún onírin. Inú dókítà eegun dùn: oògùn oṣù mẹ́ta, bóyá irin á dúró. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ń gba imú wọlé. Dókítà ní kí èmi àti Ọ̀gá lo oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má baà mú wa.
Mo gbé tèmi mì. Ọ̀gá ti tiẹ̀ padà. “Imú yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ.”

Àìkú, 10
Ìgbóná ara mi: 36.7.

Ọjọ́bọ̀, 14
36.9. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọn ìgbóná ara mi. Bó bá gbóná, kòkòrò ni àbí ìbẹ̀rù?

Ìṣẹ́gun, 26
Màmá fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan, òógùn ń bò ó. Ó ní atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti bàjẹ́ láti oṣù kejì.
Gbogbo wa rí i. Ta ló fẹ́ kọ́ Baba Onímú níṣẹ́?

Ọjọ́bọ̀, 28
Mo sọ ọ́. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.” Ó ní ṣé èmi ti di ọ̀gá ni. Ó fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin
Mo bá ìgò ẹ̀jẹ̀ kan lórí tábìlì mi. Orúkọ Ọ̀gá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ àìsàn: ibà, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nísàlẹ̀ rẹ̀, gàdàgbà:
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbóòórùn rẹ̀.